Owú Alárinà

Ẹni tó bá ní òun kì í jowú, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, bóyá kò tíì rí ohun tó wù ú dì mú ni. Àǹtí Kékeré náà fọ́nnu bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní owú kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn. Kó tó pàdé káfíńtà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé ó kéré ni wọ́n fi ń pè é ní Kékeré o. Ọmọge náà ga bí òpó iná, àfi kó tẹrí ba kó tó lè wọ yàrá rẹ̀ tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ilé olówó kan ló ti ń ṣiṣẹ́, àbúrò Màdáámù ibẹ̀ ló ti gba orúkọ Àǹtí Ńlá nínú ilé náà, èyí tó ṣẹ́ kù ló kàn án. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa tọ́jú ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí àwọn olówó náà bí. Ọ̀gá Kékeré ni gbogbo ilé ń pe ọmọ yìí, látorí bàbá rẹ̀ dórí ẹni tó ń ṣọ́ géètì, nítorí pé bó bá ní kí òjò dá, yóò yà á lẹ́nu bí kò bá dá. Ọmọ ọdún márùn-ún ni.

Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, bàbá ọmọ pe káfíńtà kan kó wá kan ilé onípákó sí ẹ̀yìnkùlé fún Ọ̀gá Kékeré láti máa ṣeré. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni káfíńtà náà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi pẹ́ńsùlù há etí, eruku pákó sì bo ìpéǹpéjú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í darúgbó. Ó ní kí ọmọ dúró ti ògiri kí òun lè wọn gíga rẹ̀ fún ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá Kékeré kọ̀ jálẹ̀.

"Àǹtí mi náà máa wọlé. Ẹ wọn àwọn náà."

Káfíńtà gbójú sókè. Ó tún gbé e sókè sí i kó tó bá ojú Àǹtí Kékeré.

"Ṣé ẹ̀yin náà máa ṣeré níbẹ̀ ni?"

"Bí ọ̀gá mi bá ní kí n ṣeré, ta ni mo jẹ́ tí mo fi máa kọ̀?"

"Ó dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dáadáa, ẹ má tẹ̀."

"Mi ò tẹ̀. Bí mo ṣe máa ń dúró nìyẹn. Ilẹ̀kùn ilé yìí ló kọ́ mi."

Káfíńtà fa téèpù rẹ̀ gùn. "Ẹ na ara yín," ó ní. "Ilẹ̀kùn tèmi kò ní bá yín jà."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àǹtí Kékeré lára, kò sì jáde mọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún un pé kó rọra, kó bẹ̀rẹ̀, kó má fi orí kọ́ nǹkan. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé kó na ara rẹ̀. Nígbà tí ilé onípákó parí, ẹnu ọ̀nà ló gba gbogbo iwájú rẹ̀ tán. Bàbá ọmọ yí i po, ó ní, "Ṣé ilé ni àbí géètì?" Ọ̀gá Kékeré ń jó ní tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ parí, káfíńtà kó ayùn àti òòlù rẹ̀ lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà, ìsàlẹ̀ títì ni, àmọ́ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nìkan ni Àǹtí Kékeré ní fún ara rẹ̀, fóònù rẹ̀ sì rèé, inú dúrọ́ọ̀ Màdáámù ló ń gbé láàárín ọ̀sẹ̀. Ló bá sá tọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹlẹ́nu Oyin ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí. Òun ló ń tọ́jú ọmọkùnrin ilé iwájú, nígbà tí ilé-ìwé sì ti wọlé padà, ọmọ náà kì í kúrò ní ilé-ìwé títí di ọ̀sán. Àwọn àgbà ní ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò. Ti Ẹlẹ́nu Oyin a yọ obì, a sì yọ àpò pẹ̀lú.

"Kí ni kí n bá ọ sọ fún un?" ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Má sọ nǹkan kan. Ṣáà lọ kí i."

"Kí n rin gbogbo ọ̀nà yẹn lọ kí káfíńtà tí mi ò ní pákó lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Sọ fún un pé ilẹ̀kùn ń dún."

"Ṣé ó ń dún?"

"Kò dún."

Ẹlẹ́nu Oyin rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Yéè! Ó ti bá ọ, ọ̀rẹ́ mi. Ó ti bá ọ pátápátá."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn káfíńtà dé tòun ti agolo òróró. Ó bu òróró sí ìdí ilẹ̀kùn tí kò dún, ó ṣí i, ó pa á dé, ó ní ó ti dára báyìí. Kó tó lọ, ó ti béèrè ibi tí Àǹtí Kékeré máa ń wà ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọn a máa rìn yí pápá ìṣeré po bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù, wọn a jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọn a dìde. "Ẹ" tí wọ́n ń fi pe ara wọn yí padà sí "o" láìsí ẹni tó mọ ìgbà tó yí. Ẹlẹ́nu Oyin ló ń jẹ́ iṣẹ́ fún wọn láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí inú rẹ̀ kò dùn ni Ọ̀gá Kékeré. Ó pe káfíńtà lọ́jọ́ kan, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ẹ gbọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ ní àǹtí yìí. Ṣé ẹ máa dá wọn padà?"

"Màá dá wọn padà," ni káfíńtà wí.

"Kí ilẹ̀ tó ṣú o."

Àǹtí Kékeré rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Owú ọmọdé pa á lẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé tòun ń bọ̀ lọ́nà.

Nígbà tó yá, káfíńtà mú un lọ rí ìyá rẹ̀. Aránṣọ ni ìyá náà, òun ló ń rán aṣọ iṣẹ́ fún gbogbo olùtọ́jú ọmọ ní àdúgbò àwọn olówó, ti Àǹtí Kékeré pẹ̀lú. Àǹtí Kékeré kúnlẹ̀. Ìyá ní kó dìde, ó fọwọ́ kan etí aṣọ ọrùn rẹ̀.

"Èmi ni mo rán èyí. Mo ń fi kún un nísàlẹ̀, o ń ga sí i. Jókòó, ọmọ mi."

Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n mu tíì, inú gbogbo wọn dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí káfíńtà padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ wálẹ̀.

"Wọ́n ní o dára. Wọ́n ní ìwọ kọ́ làwọn kọ̀."

"Kí wá ni wọ́n kọ̀?"

"Iṣẹ́ rẹ. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ olùtọ́jú ọmọ ní ìyàwó ọmọ àwọn. Mo bi wọ́n títí, wọn ò sọ ìdí rẹ̀. Àwọn nìkan ni mo ní láyé. Mi ò lè gbéyàwó kí ìyá mi máa wo ibòmíràn."

Àǹtí Kékeré sunkún délé Ẹlẹ́nu Oyin. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi etí aṣọ nu ojú fún un.

"Ìyá aránṣọ lásán? Fi í sílẹ̀ fún mi."

Láti ọjọ́ náà, bí Ẹlẹ́nu Oyin bá ti mú ọmọ dé ilé-ìwé, ilé ìyá aránṣọ ló kàn. Inú Àǹtí Kékeré kọ́kọ́ ń dùn. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ojú fèrèsé yàrá ọmọ lókè. Ó rí i bó ṣe máa ń jáde ní géètì, tí yóò dúró, tí yóò wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì mọ́tò ọ̀gá rẹ̀, tí yóò tún irun rẹ̀ ṣe. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ta ló ń tún irun ṣe kó tó lọ rí ìyá àgbàlagbà?

"Kí ni Màmá wí lónìí?" yóò bi í.

"Wọ́n ṣì ń rò ó."

"Kí ni wọ́n ń rò?"

"Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Kì í yá."

Ó parí. Ẹlẹ́nu Oyin tó jẹ́ pé bí ẹ bá bi í ní aago mélòó ló lù, yóò kọ́kọ́ sọ ìtàn ẹni tó ra aago! Ọkàn Àǹtí Kékeré sọ fún un pé kò sí nǹkan. Ọkàn kan náà tún sọ fún un pé nǹkan wà. Ó bẹ ara rẹ̀ pé kó má ya aláìmoore. Kó tó bẹ̀ ẹ́ tán, ó ti tún dé ojú fèrèsé.

Lọ́jọ́ kan, ó ń wẹ Ọ̀gá Kékeré.

"Àǹtí, ẹ ti fọ irun mi."

"Mi ò tíì fọ̀ ọ́."

"Ẹ ti fọ̀ ọ́. Ẹ tún ti fi ọṣẹ sí i. Ṣé káfíńtà lẹ̀ ń rò ni?" Ọmọ náà fọwọ́ nu ọṣẹ kúrò lójú. "Mo rí Àǹtí Ẹlẹ́nu Oyin nínú ọkọ̀ káfíńtà nígbà tá à ń bọ̀ láti ilé-ìwé. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín báyìí." Ó la ẹnu títí ibi tí eyín rẹ̀ ti ká fi hàn.

Omi gbígbóná ni wọ́n fi ń wẹ̀, síbẹ̀ òtútù mú Àǹtí Kékeré.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, káfíńtà pẹ́ dé. Nígbà tó dé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní kó jẹ́ kí òun sọ ìtàn kan fún un, ti ọkùnrin tó kan bẹ́ẹ̀dì sínú yàrá tán kó tó rántí pé kò ní gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ó ń sọ ọ́, ó ń gbé ọwọ́ sókè níbi tó yẹ kéèyàn ti rẹ́rìn-ín. Àǹtí Kékeré kò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló sọ ọ́ fún ọ?"

"Ọ̀rẹ́ rẹ ni. Ó mà lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín o!"

"Mo mọ̀. Bó ṣe máa ń gbé ọwọ́ sókè lo gbé e yẹn. O ti kọ́ ọ. Fẹ́ ẹ."

"Kí lo wí?"

"Mo ní fẹ́ ẹ. Ẹ ti ń jọ ara yín."

"Èmi? Nítorí rẹ ni mo ṣe ń gbé e lọ sílé màmá mi!"

"Nítorí mi lẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀? Ẹ ṣé o. Ẹ kú wàhálà mi."

Ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ yẹn lọ, káfíńtà sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí pákó já lé lórí.

Bí èṣù yóò ti ṣe é, lọ́jọ́ kejì ni màdáámù ilé iwájú ti ibi iṣẹ́ dé láìròtẹ́lẹ̀, tó bá ilé ní òfìfo. Ó rí Àǹtí Kékeré ní géètì.

"Ìwọ ọmọ yìí, níbo ni ọ̀rẹ́ rẹ máa ń lọ nígbà tí mi ò bá sí nílé?"

Irọ́ kékeré kan tó. Ó lè ní ó lọ sí ilé-ìwé ọmọ. Ó lè ní òun ò mọ̀. Ahọ́n rẹ̀ yan tirẹ̀.

"Ọ̀dọ̀ káfíńtà ni, mà. Ojoojúmọ́ ló ń lọ."

Gbogbo títì ló gbọ́ ariwo màdáámù náà nígbà tí Ẹlẹ́nu Oyin wọlé. Díẹ̀ ló kù kó pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní bó bá tún fi ẹsẹ̀ kan ìta fún ohun tó yàtọ̀ sí ilé-ìwé ọmọ, kó máa kẹ́rù rẹ̀ lọ. Àǹtí Kékeré dúró sẹ́yìn kọ́tìnì, ó ń gbọ́. Ó rò pé inú òun yóò dùn. Inú rẹ̀ kò dùn títí ọjọ́ Àìkú fi dé.

Lọ́jọ́ náà kò lọ sí pápá. Ilé ìyá aránṣọ ló lọ, ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó wà níbẹ̀. Ìyá nìkan ló bá, ó ń fi òwú sí abẹ́rẹ́.

"Ẹlẹ́nu Oyin dà? Mo ti ń retí rẹ̀. Bá mi fi òwú yìí sí i, ojú rẹ dára ju tèmi lọ. Ó ti sọ̀rọ̀ rẹ fún mi débi pé mo mọ apá tí o fi ń sùn. Mo ní kó dákẹ́, kò dákẹ́. Ó wá lọ́jọ́ kan, mo wò ó, mo ní, 'Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ fúnra rẹ ò fẹ́ràn ọmọ mi ni?'"

Abẹ́rẹ́ gún Àǹtí Kékeré lọ́wọ́.

"Kí ló wí, mà?"

"Ó dákẹ́. Ẹnu yẹn dákẹ́! Mo rò pé àìsàn ló kọlù ú. Lẹ́yìn náà ó ní, 'Màmá, ọ̀rọ̀ ẹnì kan ni wọ́n rán mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.' Ó sì ń sọ ọ́ lọ."

Àǹtí Kékeré kò lè gbójú sókè. Ìyá rò pé ìjákulẹ̀ ló ń dùn ún, ló bá fi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi kọ̀ fún ọ. Mo ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo fi ọmọ mi sí. Èmi ni mo di ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ mú títí tó fi rìn, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo délé, tèmi ti ń sáré. Ó sá fún mi, ọmọ mi. Ó sá sẹ́yìn ìyá mi, ó ń yọjú wò mí bí àlejò. Mo jowú ìyá tó bí mi lọ́mọ! Mi ò fẹ́ kí ọmọ-ọmọ mi sá fún ìyá tirẹ̀."

Àǹtí Kékeré fi abẹ́rẹ́ náà lé ìyá lọ́wọ́. "Màmá, mi ò lè sọ pé mo mọ bó ṣe máa rí. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyí. Ṣùgbọ́n bí mo bá bímọ, ilé mi ni màá máa sùn."

"Mo gbọ́," ni ìyá wí. Ó mú aṣọ rẹ̀ padà, ó ń rán an lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ìyá aránṣọ wá wọn kọ́tìnì tuntun nílé Màdáámù. Ọjọ́ ìsinmi Màdáámù ni, ó jókòó ní ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀gá Kékeré ń gun kẹ̀kẹ́, ó já lulẹ̀, orúnkún rẹ̀ bó. Màdáámù dìde, ó la apá méjèèjì. Ọmọ sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó lọ dì mọ́ Àǹtí Kékeré.

Àǹtí Kékeré rí ojú Màdáámù. Ó mọ ohun tó wà lójú yẹn, nítorí ó ti ń rí i nínú gíláàsì tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ títí orí rẹ̀ fi dọ́gba pẹ̀lú ti ọmọ.

"Àǹtí kò mọ̀ ọ́n fẹ́ dáadáa," ó rọra wí. "Èémí Mọ́mì tutù ju tèmi lọ. Lọ kí wọ́n bá ọ fẹ́ ẹ, wàá rí i."

Ọmọ wò ó bí ẹni pé kò gbà gbọ́, ó sì lọ. Màdáámù kúnlẹ̀ sínú koríko tòun ti aṣọ olówó ńlá, ó ń fẹ́ orúnkún, ó ń fẹ́ ẹ lọ lẹ́yìn tí ọmọ ti dákẹ́ ẹkún. Ìyá aránṣọ dúró lójú fèrèsé, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó pe Àǹtí Kékeré sí géètì.

"Ẹni tó lè dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀ kò ní gbàgbé tirẹ̀. Ẹ wá sílé lọ́jọ́ Àìkú, ìwọ àti ọmọ mi. Bẹ̀ ẹ́ o, ó ní o ní kí òun fẹ́ ẹlòmíràn."

Ó bẹ káfíńtà. Kò le, káfíńtà kò mọ bí wọ́n ṣe ń bínú pẹ́. Màdáámù náà gbà pé bí ó bá ṣègbéyàwó, kó máa wá láàárọ̀, kó máa lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀bẹ̀ tó le wà níwájú. Ó dúró de Ẹlẹ́nu Oyin lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé ọmọ.

"Èmi ni mo sọ fún màdáámù rẹ."

"Mo mọ̀," ni Ẹlẹ́nu Oyin wí. "Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n dárúkọ rẹ."

"O mọ̀, o sì ń kí mi?"

"Kí n máa kí ta ni? Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń jẹ ọ́ níyà."

Àǹtí Kékeré kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn ìyá ọmọ ń wò wọ́n. Ẹlẹ́nu Oyin fà á dìde, ó ní, "Dìde jàre, bí o ti ga tó yìí, orí ìkúnlẹ̀ náà o ṣì gùn jù mí lọ."

"Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?"

Ẹlẹ́nu Oyin wo géètì ilé-ìwé. "Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò mọ̀ o, má sì sọ fún un láéláé."

"Kí ló dé tí o kò wá a fún ara rẹ? O rí i lójoojúmọ́. Ẹnu rẹ tó bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n ní kí n jẹ́ iṣẹ́," ó wí. "Wọn ò ní kí n jẹ ẹ́."

Wọ́n wo ara wọn, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì, ẹ̀rín tó ní omijé nínú. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, Ẹlẹ́nu Oyin ní, "Màá wá síbi ìgbéyàwó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sinmi yín díẹ̀. Ọkọ mojú ìyàwó, alárinà a yẹ̀ba. Mo fẹ́ yẹ̀ba, ọ̀rẹ́ mi."

Ó wá lóòótọ́. Ọjọ́ tí wọ́n so wọ́n pọ̀ ní kọ́ọ̀tù, ó pa gbogbo èèyàn lẹ́rìn-ín, títí kan akọ̀wé tó ń kọ orúkọ. Ọ̀gá Kékeré jókòó sáàárín ọkọ àti ìyàwó, kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé òun kúrò. Ìyá aránṣọ ló rán aṣọ funfun náà, ó sì fi kún un nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde síta, Ẹlẹ́nu Oyin dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bọ káfíńtà lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún mi," ó sì mú ọmọkùnrin ilé iwájú lọ́wọ́, wọ́n ń lọ. Ó ti ń sọ ìtàn fún un. Ó ń gbé ọwọ́ sókè, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín.

Káfíńtà rẹ́rìn-ín bó ti ń wò wọ́n láti ọ̀ọ́kán. Owú tún fọwọ́ tọ́ Àǹtí Kékeré láyà, fẹ́ẹ́rẹ́. Ó jẹ́ kó tọ́ ọ. Kò gbé ojú kúrò lára ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí tó fi yà sí kọ̀rọ̀.

"Ta lò ń wò tó bẹ́ẹ̀?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Ẹni tó bá ọ fẹ́ mi ni," ó wí, ó sì na ara rẹ̀ bóyá òun á tún rí i.